Ẹ Má Pa Wá Lẹ́nu Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Òǹwòran Fíìmù Wa ní Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí

Ẹ̀gbọ́n Alága, ẹ̀yin àgbà inú ìgbìmọ̀, okun o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára aṣọ funfun wá ní alẹ́ Sátidé, èmi náà ni mo máa ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo bá ẹni mẹ́ta nínú yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ní sùúrù. Ẹnìkejì ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹnìkẹta kò gbé ìpè mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà á, àti àwọn ará wa tó máa ń wọkọ̀ wá wòran láti Ìjùmú àti Bùnú.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ka ìpinnu mẹ́ta sí wa létí. Ẹ ní bí fíìmù bá ti parí, kí oníkálukú dìde kó máa lọ sílé, kò sí ìjíròrò mọ́. Ẹ ní ẹni tó bá jiyàn nínú gbọ̀ngàn yóò san ₦1,000. Ẹ tún ní a kò gbọdọ̀ fi fíìmù Yorùbá tàbí ti Nàìjíríà kankan tó ń mú àyà já hàn mọ́ títí ọdún yóò fi parí, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́pàá àti olè, ìbáà jẹ́ ti ogun. Ti òkè òkun nìkan ni kí á máa wò, nítorí pé, bí ẹ ṣe wí i, èèyàn kì í jà nítorí òṣèré tí kò mọ̀.

Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ètè lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

1. Ìjà tí ẹ torí rẹ̀ ṣe òfin, ìjíròrò kọ́ ló dá a sílẹ̀.

Mo wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. October 1 la fẹ́ wò, fíìmù Kunle Afolayan tó jáde ní 2014. Kí n tó tan ẹ̀rọ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti ta tẹ́tẹ́ ₦5,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, lórí ẹni tí yóò jẹ́ apààyàn inú ìtàn náà. Ọ̀kan nínú wọn ti wò ó lórí fóònù tẹ́lẹ̀, kò sọ. Nígbà tó gba owó tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn pé ìgbà kejì tí òun ń wò ó nìyẹn. Bí ẹnìkejì ṣe mú un lọ́rùn nìyẹn. Wọ́n ṣubú lu aṣọ, aṣọ ya láti òkè dé àárín, àga rọ́bà méjì ṣẹ́. Ẹni tí ó yẹ kó darí ìjíròrò kò tíì dìde lórí ìjókòó.

Ẹ lọ wo aṣọ náà. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn bá wa gán an, òwú dúdú ló fi rán an nítorí pé funfun tán lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí òṣèré bá ti dúró sí àárín, ojú rírán yẹn á la ojú rẹ̀ kọjá láti iwájú orí dé àgbọ̀n bí ilà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a wo fíìmù The Black Book, ọmọdé kan bi mí bóyá wọ́n kọlà fún Richard Mofe-Damijo, olórí òṣèré inú rẹ̀, ni.

Sátidé yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. A jiyàn fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn The Black Book, ohùn ròkè, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó fi òpin ìtàn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n láti fi gba owó ọlọ́wọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lẹ fòfin de ìjíròrò.

2. Ẹ kò dúró gbọ́ ohun tí a sọ lẹ́yìn October 1.

Lẹ́yìn tí a ti là wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sílé, ẹ̀yin náà lọ. Àwa tó kù kò tó ogún. A tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a jókòó. N kò ní dárúkọ apààyàn inú fíìmù náà níbí, nítorí àwọn tí kò tíì wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀: òmìnira ọdún 1960 kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin nílùú Yorùbá kan tó ń jẹ́ Akote, ni wọ́n bá rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ Òkè Ọya, Danladi Waziri, pé kó wá tú u wò. Olóògbé Sadiq Daba, tó kú ní 2021, ló ṣe é.

Ọ̀dọ́ kan ní ibẹ̀ ni ìtàn náà ti wọ́, pé ta ni yóò rán Hausa wá ṣèwádìí láàárín Yorùbá. Bàbá kan tó ti ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1960 wá dá a lóhùn. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo rò pé Kàbà wà nígbà yẹn? Ẹkùn Àríwá la wà. Kaduna ni àṣẹ ti ń wá. Ọ̀gá tó ń sọ Hausa, tí èèyàn ń dúró ṣe ògbufọ̀ fún, a rí i níbí, ojú wa mọ́ ọn."

Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn kan nínú wa kò mọ̀ rí pé Ẹkùn Kàbà jẹ́ ara Àríwá, pé kí òmìnira tó dé, àwọn èèyàn wa àti ti Ìlọrin ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ààlà fà kí á lè bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Yorùbá yòókù ní Ìwọ̀-Oòrùn, pé Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láàárín 1957 sí 1958, ààlà kò sì yẹ̀. Bàbá yẹn ló sọ ọ́ fún wa, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Fíìmù tí ọ̀dọ́ yẹn rò pé ó wọ́ wá di ìtàn wa. Ìlú tó wà nínú rẹ̀ wá dà bí èyí tó wà lẹ́yìn òkè tiwa.

Ìyá alákàrà ló sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó ní, "Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń dákẹ́ kó tó dáhùn. Ẹni tí èdè kò yé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ nǹkan kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù."

Daba gba AMAA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, fún ipa yẹn ní 2015. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé lórí ìdí rẹ̀, n kò tíì gbọ́ èyí tó jinlẹ̀ tó ti ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí òfin yín bá dúró, nígbà mìíràn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá sí i lẹ́nu, ₦1,000 ni yóò fi san án.

3. Ẹ pe ìjiyàn lórí olùdarí eré ní ohun tí kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó ìtanràn lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa pín sí méjì lórí Tunde Kelani àti Kunle Afolayan, ó sì ti pẹ́. Àwọn àgbà wà lọ́dọ̀ Kelani. Ẹ̀rí wọn ni Ṣaworoidẹ, tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní kò dìgbà tí ìbọn bá ń lé ẹnìkan káàkiri kí àyà rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọba Lápité kọ̀, kò ṣe orò tó yẹ kó ṣe kó tó jọba. Adé wà lórí rẹ̀, ìlù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a sì ti sọ fún òǹwòran láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí ìlù yẹn bá dún nígbà tí adé bá wà lórí irú ọba bẹ́ẹ̀, ikú ni. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ìlù tó dún nínú fíìmù náà tí o kò ní dìde díẹ̀ lórí àga. Èmi tí mò ń yí ẹ̀rọ máa ń wo ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn nígbà náà; gbogbo ọrùn á gùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wà lọ́dọ̀ Afolayan. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé inú Ṣaworoidẹ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí Afolayan, òun ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà. Nítorí náà, ilé kan náà la pín sí méjì. Bàbá rẹ̀, Adé Love, ọmọ Àgbàmú ní Kwara ni, ìpínlẹ̀ kan náà la sì jọ wà pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi dá Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ìyẹn kò ní kí n gbè é o. Lójú tèmi, ó mọ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn ìtàn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà, pàápàá nínú àwọn fíìmù rẹ̀ tó gùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Nínú The Figurine, tí Afolayan ṣe ní 2009, àwọn ọ̀rẹ́ méjì rí ère òrìṣà Àràrómirẹ nínú igbó. Ire bẹ̀rẹ̀ sí í dé, lẹ́yìn náà láburú ń dé. Títí fíìmù náà fi parí, kò sọ fún ọ bóyá òrìṣà ló ṣe é tàbí ọwọ́ ènìyàn. Ó fi í lé òǹwòran lọ́wọ́ ni. Olùdarí eré fúnra rẹ̀ bi wá ní ìbéèrè, ó sì ń retí ìdáhùn wa. Ìgbìmọ̀ wa ní a kò gbọdọ̀ dáhùn.

Lórí Gangs of Lagos ti Jadesola Osiberu, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ariwo wa pọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ariwo lórí kí ni? Lórí Ẹ̀yọ̀. Wọ́n gbé apààyàn wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀ nínú fíìmù náà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Níbí tí a ti ń ṣọdún egúngún, kò lè ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má ká wa lára. Àwọn kan ní eré lásán ni. Àgbà kan ní kí wọ́n fi egúngún ilé bàbá wọn rọ́pò Ẹ̀yọ̀ yẹn nínú ọkàn wọn, kí wọ́n tún wí bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí tún ti lè wáyé láàárín ọmọ ogún ọdún àti àgbà ẹni àádọ́rin ọdún nílùú yìí, tí àwọn méjèèjì yóò jókòó gbọ́ ara wọn tán.

4. Lórí àwọn òṣèré.

Èyí kò ní gùn. Gbogbo wa la mọ òfin àwọn ọmọdé pé "àkítọ̀ kì í kú." Ìjíròrò ló mú kí àwọn ọmọ wa kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn The Black Book ti Editi Effiong, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bí Mofe-Damijo ṣe jẹ́ ní 2023, lè ja irú ìjà tó jà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní Tobi Bakre, òṣèré tó jẹ́ ọ̀dọ́, ló yẹ kí wọ́n fún. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní bí Paul Edima, ẹni tí Mofe-Damijo ṣe, bá jẹ́ ọ̀dọ́, kò ní sí ohun tó fẹ́ gbàgbé, ìtàn kò sì ní sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa tẹ́lẹ̀.

Ní ti fíìmù ogun Jagun Jagun, tí Adebayo Tijani àti Tope Adebayo darí, gbogbo ayé ń pariwo Lateef Adedimeji, ó sì ṣe Gbọ́tijà dáadáa. Èmi wà lẹ́yìn Femi Adebayo. Ogundiji rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ lógun jíjà, ẹ̀rù àwọn ọmọ kan náà sì ń bà á bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń yin ẹni tó mọ nǹkan ṣe. Ẹnu ń yìn, ojú ń wọn ibojì.

5. Yíyọ fíìmù tiwa kúrò yóò lé àwọn kan jáde.

A ti dán ti òkè òkun nìkan wò rí, oṣù kan gbáko. Mo ń wo Ìyá alákàrà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò lè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀. Ó ń bi ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Ọmọ náà dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sú u. Kí fíìmù tó dé àárín, ìyá ti jáde lọ síbi agbada rẹ̀. Owó tí gbogbo wa ń san lẹ́nu ọ̀nà lòun náà san.

Mi ò kórìíra fíìmù Kòríà tàbí ti Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń kọ́ nǹkan lára wọn, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi ìró kékeré dẹ́rù bani. Kí á máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá lé tiwa jáde nínú ilé wa, n kò fara mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mọ̀. Láti inú ìjíròrò wa ni àwọn ọmọ mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn kan sórí fóònù, pé fíìmù Yorùbá pọ̀ ṣùgbọ́n àwọn kò tíì gbọ́ ohùn Òwé, Yàgbà tàbí Bùnú, ẹ̀ka èdè ọ̀dọ̀ wa níbí, lẹ́nu olórí òṣèré nínú èyí tí àwọn wò. Ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company yan wá sí Kàbà nítorí àwọn Tápà tó pàgọ́ síbí, kí wọ́n tó kọjú sí Bida. Obìnrin kan nínú ìlú ló mọ alẹ́ tí àgọ́ yóò tú, kò sì mọ ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni wọ́n dé. Wọ́n ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ fún mi níbi ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe, mo gbàgbé iná tí mo fi ń jó ohun èlò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tábìlì. Àwọn ọmọ yìí ní bí kò bá sí ìjíròrò mọ́, ibo làwọn yóò ti mọ̀ bóyá ìtàn àwọn dára?

6. Ohun tí a ń béèrè.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń béèrè rẹ̀. Àwọn mọ́kànlélógún ló fọwọ́ sí ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Ẹ fagi lé òfin ìdákẹ́ àti ìtanràn ₦1,000 kó tó di Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ fòfin de tẹ́tẹ́ nínú gbọ̀ngàn àti lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹni tó bá ta á má wọlé fún oṣù mẹ́ta. A ó tì yín lẹ́yìn lórí èyí. Kí ẹni tó bá ti wo fíìmù tẹ́lẹ̀ nawọ́ sókè kí á tó tan ẹ̀rọ, kó sì di òpin ìtàn mú sínú. Nígbà ìjíròrò, kí tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí tọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀. Mo ti fi tèmi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ dá fíìmù Yorùbá padà, ó kéré tán Sátidé méjì nínú oṣù.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yẹn, kí wọ́n pawọ́ pọ̀ ra aṣọ funfun tuntun, kí wọ́n san owó àga méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n padà wá. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ìtìjú ń pa òun, ó sì bi mí kí ni a sọ nípa Waziri lẹ́yìn tí wọ́n lé òun jáde. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn fún un. Ó jókòó títí tí mo fi ti ilẹ̀kùn ìsọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Alága, Ṣaworoidẹ ló wà fún Sátidé tó ń bọ̀ lórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹ tó ní kí wọ́n ya á. Mo ti nu dígí ẹ̀rọ. Mo ti ra epo lítà mẹ́ta. Ìyá alákàrà ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, n kò sì tíì rí èsì fún un. Ọ̀dọ̀ yín ni èsì wà.

Èmi ni àbúrò yín tó ń yí ẹ̀rọ,
Kàbà.